Ìṣẹ́jú Mẹ́ta tí Wọ́n Fún Mi Láti Rojọ́

Akólòlò ni mí láti kékeré. Ní ọ́fíìsì wa ní Ọ̀jọ́, bí ọ̀gá bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ẹlòmíì á ti bá mi dáhùn kí n tó la ẹnu tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn géèmù kan tí a ti ń kọ̀wé jà nínú gúrúùpù kan lórí fóònù. Kálukú ló ní jagunjagun tirẹ̀. Wàá kọ bí tìrẹ ṣe yọ idà, ẹnì kejì á kọ bí tòun ṣe yẹ̀ ẹ́, rẹfirí á wá sọ ẹni tí idà rẹ̀ wọlé. Ọdún méjì ni mo fi tọ́ obìnrin onídà kan dàgbà níbẹ̀. Bó bá kú, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ó parí nìyẹn.

Ní Sátidé kan, nírọ̀lẹ́, èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan wọ ìjà àṣekágbá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òfin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fèsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gbẹ́ni yìí pẹ́. Rẹfirí ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n borí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi náà dákú ní ẹ́sítéètì Ìbà tí mò ń gbé. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi pẹ́.

"Àkókò ti lọ," ni rẹfirí kọ. "Idà ti gún un láyà. Ó ti kú."

Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni náà fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi. Mọ́mì ní oúnjẹ ti délẹ̀ o." Ó sáré pa á rẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni rẹfirí.

Mo bẹ alábòójútó gúrúùpù pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá. Wọ́n gbà, àmọ́ ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́ níbẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, létí gbogbo ènìyàn. Mo ní akólòlò ni mí, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ tèmi. Wọ́n ní òfin kì í mojú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, bá mi wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Okokomaiko, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Ìpè wọlé.

"Rẹ... rẹ... rẹ..."

Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe kó lè jáde, kò jáde. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí ìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ni. Ẹ jẹ́ kí n bá a ka ohun tó kọ."

"Mà, ẹ kì í ṣe ọmọ gúrúùpù," ni alábòójútó wí. "Àkókò ti pé."

Wọ́n pa orúkọ jagunjagun mi rẹ́. Wọ́n yọ èmi náà kúrò, wọ́n ní mo mú àlejò wọlé. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan létí títì, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé géèmù lásán ni. Wọ́n kàn dúró síwájú mi kí àwọn tó ń kọjá má baà rí ojú mi.

Èyí tó ń dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ara mi ò gbà á mọ́, mo kọ̀wé sí rẹfirí yẹn. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà mí padà, kódà kó jẹ́ ìran ni màá máa wò." Ó gbà mí padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan bá àbúrò rẹfirí yìí jà. Ọmọbìnrin náà fèsì lásìkò, ojú mi ló ṣe. Rẹfirí ní ó ti pẹ́.

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́ni tó rí i ni?"

Mo rí i. Kò sẹ́ni tó ní kí n fẹnu sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo tẹ ẹ̀rí mi tán pátá, mo wò ó títí, mo sì pa á rẹ́. Wọ́n ní ó ń bá rẹfirí jiyàn, wọ́n sì yọ òun náà kúrò.