Bí Mo Ṣe Ta Ìpín Ilé-iṣẹ́ Ọṣẹ Mi fún Gbogbo Ifangni

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ifangni nígbà Rẹfolúṣọ́ọ̀nù, tí ìjọba ní ayé tuntun ti dé. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó lè ṣe é.

Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ni mo ní. Ìkòkò kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé bàbá mi. Nígbà tó yá, ìkòkò di mẹ́fà, àwọn oníṣòwò Igolo sì ń dúró de ọṣẹ mi kí wọ́n lè gbé e kọjá ààlà sí Idiroko. Kí ló tún kù fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Ìgbéraga ló kù!

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó. Ó fi ìwé kan hàn mí, ó ní ìpín òun nínú ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni. Ó ní ọjà kan wà tó jẹ́ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ fi ń ra ẹ̀rọ. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé Ifangni ò lè ní tiẹ̀ ni?

Bí mo ṣe délé, mo ní kí Mùsíyé Tèófílì, olùkọ́ tó ń bá mi kọ lẹ́tà, ṣe ìwé ìpín ọgọ́rùn-ún, kó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo fi ọgọ́ta pamọ́ fún ara mi, mo ta ogójì lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n wá láti Banigbé pàápàá! Bàbá kan tí n kò rí ọṣẹ lára rẹ̀ rí ra méjì.

Felísì ìyàwó mi béèrè pé tí àwọn tó rà á bá pawọ́ pọ̀ gba àga ọ̀gá lọ́wọ́ mi ńkọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ọgọ́ta ju ogójì lọ, àbí kò mọ ìṣirò ni?

Mo ra ẹ̀rọ tó ń po ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ni a pe ìpàdé àwọn onípìn-ín. Nígbà yẹn, ta ló jẹ́ ṣèpàdé láìpe délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò? Ó wá, ó sì gba ìpàdé lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ayé ìgbà yẹn mọ bó ṣe máa ń rí. Délégé á ké "Ehuzu", pé nǹkan ti yí padà, a ó dáhùn "Dandan", ọwọ́ á lọ sókè. Ohunkóhun tó bá bi wá, ọwọ́ á lọ sókè. Ẹni tí tiẹ̀ bá pẹ́, wọ́n á wò ó títí á fi nà án. Ó wá mọ́ ọwọ́ wa lára débi pé kì í dúró de etí mọ́.

Ṣé a gbà kí ọṣẹ máa hó dáadáa? Ọwọ́ sókè. Ṣé a kí àwọn òṣìṣẹ́? Ọwọ́ sókè. Èmi jókòó níwájú, mò ń ro ti ẹ̀rọ mi.

Ni Mùsíyé Tèófílì bá dìde. Ó ní kò yẹ kí ẹnì kan pẹ́ lórí àga kan nínú ayé tuntun, pé òun ṣe tán láti jìyà nítorí ará ìlú nípò mi. Ẹni tó ń jẹun nílé mi! Délégé béèrè ẹni tó gbà. Ọwọ́ sókè.

Mo fò dìde. Mo ní ọgọ́ta ìpín wà lọ́wọ́ mi.

"Kámáráàdì," ni délégé wí, "a ò ka ìwé níbí. Ọwọ́ kan la ń kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì ti ka tiyín mọ́ ọn."

Mo wòkè. Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà lókè.

Inú mi bà jẹ́, mi ò purọ́. Ìdí ìkòkò ni wọ́n dá mi padà sí, kí n máa ro ọṣẹ. Bàbá onípìn-ín méjì sì ń wá wò mí bóyá mò ń rò ó dáadáa!

Felísì ò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Ọ̀tún lẹ nà ni, àbí òsì?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó ta ìpín, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n máa kà. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti nawọ́ sí rí láìgbọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n má dá nìkan jẹ́ òmùgọ̀.