Ẹjọ́ Tí Mo Dá Fún Eré Àwọn Ajínigbé

Ní ilé wa ní Kàbà, adájọ́ ni wọ́n ń pè mí. Tí eré orí tẹlifíṣọ̀n bá ti parí, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa á yíjú sí mi, á ní, "Bọ̀dá, ó yá, ẹ dá ẹjọ́ yín."

Eré tí ìyá ọkọ ti ń bu májèlé sínú ọbẹ̀, mo ní irọ́ ni, obìnrin náà ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbakọ mú. Ti dókítà tó ń fẹ́ aláìsàn rẹ̀ dára díẹ̀, àfi ìgbà tí aláìsàn náà jí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí àtíkè ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́yìn náà ni eré àwọn ajínigbé dé.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbé èmi náà lọ́nà Odò-Ape, nígbà tí mò ń bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́ wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò nínú igbó kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé Ọlọ́run yọ mí. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ò sì béèrè. A ò dé oko yẹn mọ́.

Nínú eré náà, gbogbo àwọn agbébọn mutí yó, wọ́n sùn lọ. Ọmọbìnrin kan fi eyín já okùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì sá bọ́ sójú títì. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí i? Òmùgọ̀ lásán ni wọ́n!"

Níbi tí mo wà, gbogbo wọn kì í sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi dè wá. Ẹnì kan nínú wa fi eyín já tirẹ̀. Kò délé.

Àbúrò rẹ̀ yíjú sí mi. "Adájọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní lè dákẹ́ mọ́. Mo ní, "Wọ́n gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí."

Ní ọjọ́ kẹta, láàárọ̀, ìyàwó mi mú àdá.

"Oko ni mò ń lọ. Ẹ̀gẹ́ wa ti ń le bí igi nínú ilẹ̀."

"Jọ̀ọ́, má lọ."

"Kí ló dé? Ẹ̀yin náà lẹ ní bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Irọ́ ni mo pa."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Bọ̀dá ti yí ẹjọ́ padà! Adájọ́ tó ń bẹ̀rù kí ìyàwó má fi òun sílẹ̀ láìjẹun!"

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. "Báwo ló ṣe wá rí? Ẹ sọ fún mi."

Mo la ẹnu. Ojú ọkùnrin tó já okùn yẹn ni mo rí. Ìyàwó mi dúró dè mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra ní, "Ẹ jókòó. N ó tètè dé."

Ó gun ọ̀kadà lọ. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e títí dé ibi tí ọ̀dà títì parí sí. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi kọjá ibẹ̀. Ẹnì kan kí mi, "Okun o!" Ojú ọ̀nà oko ni mo ń wò.

Ó dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ kan. "Ẹ wò mí dáadáa, ta ló fọwọ́ kàn mí?"

Ó ti ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣì ń ní kí n dá ẹjọ́ eré. Mo máa ń ní mi ò mọ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ oko, tó bá ti gun ọ̀kadà, n ó tẹ̀ lé e dé ibi tí ọ̀dà parí sí, n ó sì dúró síbẹ̀ títí yóò fi dé.