Ẹgbàá Márùndínlógójì Tí Kò Pé

Ìyàwó mi kú ní Jímọ̀ tó kọjá. Lọ́la ni àdúà ọjọ́ kẹjọ.

Ẹgbàá márùndínlógójì "Lá iláhá illalláhù" la fẹ́ kà fún un. Ọmọ méje ló bí, iye náà sì pín dọ́gba: ẹgbàárùn-ún kálukú. Wọ́n ra tẹ̀sùbáà tuntun ní Ọjà Tuntun, kálukú sì yí tirẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Lónìí ni Múínátù, ọmọ mi tó ń bá mi tẹ èyí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọmọ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Bákan náà ni ti gbogbo wọn.

Sáláú, àkọ́bí mi, ní, "Bàbá, ẹyọ kan péré ló dín. Ṣé Ọlọ́run á bá Ìyá wa ṣírò ẹyọ kan ni?"

Mo ní, "Yí i ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan ti di ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin méje ńkọ́? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló dín. Ṣé àbọ̀ ni ìyá yín bí yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi dá sí i.

Sáláú, mo mọ̀ pé o ń ka èyí. Kó àwọn àbúrò rẹ jọ, kí ẹ ka èyí tó dín kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí áfáà bá bèèrè lọ́la bóyá ó pé, ìwọ ni wàá dá a lóhùn. Èmi ò ní yanu.