Àpótí Pupa Tí Mo Máa Ń Kí Láràárọ̀

Okun o, gbogbo yín. Ẹ fa àga jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ògiri ilé mi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó gbọ́ ọ tán, kò fèsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e tọ̀ yín wá.

Ẹnìkan ló béèrè níbí níjọ́sí pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé, tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì, tí kì í ṣe ti báńkì, ṣé dandan ni kó fi áńtífáírọ́ọ̀sì sí i? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara yín jà. Èmi ò dá sí i. Kí ni mo mọ̀? Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Ẹnu ọ̀nà ni mo gbà wọ sẹ́kọ́ńdìrì, fèrèsé ni mo gbà jáde. Káfíńtà ni mí ní Kàbbà níbí, ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, a ò tíì débẹ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Fúnmi, lọ sí Kánádà láti lọ bá Fúnmi, àkọ́bí wa, wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta péré ló ní òun máa lò. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí! Nígbà tó kù díẹ̀ kí màmá máa bọ̀, eyín ń yọ lẹ́nu ọmọ. Eyín yọ tán, Fúnmi tún lóyún. Wọ́n ní ṣé kí màmá kúkú dúró? Mo ní kó dúró, kò sí wàhálà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá bi mí, "kò sí wàhálà" ni mo máa ń sọ. Ọkùnrin ni mí, àbí kí ni mo fẹ́ wí? Pé mi ò lè dá ọbẹ̀ sè? (Mi ò lè dá a sè lóòótọ́. Ìyẹn ò kàn wọ́n.)

Ọkọ Fúnmi wá fi láàpútọ́ọ̀pù kan ránṣẹ́ kí n lè máa rí ojú ìyàwó mi. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò, ohùn nìkan ló mọ̀, kò mọ ojú. Sọ́ńdè Sọ́ńdè, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá ṣí i, Ìyá Fúnmi á yọ, a ó kí ara wa, á bi mí ohun tí mo jẹ, màá parọ́. Ó tún di Sọ́ńdè mìíràn.

Kí ni èèyàn wá ń fi Mọ́ńdè sí Sátidé ṣe nínú ilé tó jẹ́ òun nìkan?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lórí ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kan, mo ń wá ibi tí mo ti lè wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe débẹ̀, àpótí kékeré kan yọ lókè, ó ní ṣé kí ibẹ̀ máa ránṣẹ́ sí mi? Ó gbé ọ̀rọ̀ méjì kalẹ̀ kí n mú ọ̀kan: "Allow" àti "Block." Ìwé tí mo kà tó ìyẹn. Àkọ́kọ́ ní kó máa bọ̀, èkejì ní kí n tì í mọ́ta.

Ẹ wò ó, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Okun. Okun o tí a fi ń kíni gan-an ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ! Ẹni bá kí ọ, o gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ẹni bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní ṣé kóun wọlé, ta ló tọ́ ọ dàgbà tó o fi máa ní kó má wọlé? Mo tẹ "Allow." Mo tiẹ̀ sọ ọ́ sókè: okun o, máa bọ̀.

Ibòmíràn tún béèrè, mo tún ní kó máa bọ̀. Gbogbo ibi tí mo yà sí ni wọ́n ń béèrè, gbogbo wọn ni mo gbà. Ọmọlúàbí ni mí.

Kò pẹ́, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bí mo bá ti ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀, àpótí pupa kan á yọ nígun ìsàlẹ̀, á dún pìn! Ó ní kọ̀ǹpútà mi wà nínú ewu. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Ó ní kí n má jáfara. Àyà mi já lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tilẹ̀ dìde kúrò lórí àga.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló ń wò ó bóyá mo jí. Màá gbé ẹ̀kọ mi jókòó tì í, màá ní: okun o, ewu wo ló tún dé lónìí? Òun náà á sì sọ ọ́. Ọkùnrin bíi tèmi, olórí ewú, mò ń bá fáírọ́ọ̀sì jẹun!

Ó ní kí n gba áńtífáírọ́ọ̀sì kan tó máa lé àwọn fáírọ́ọ̀sì náà lọ. Ọ̀fẹ́ ni, mo gbà á. Bí ìyẹn ṣe wọlé, ó ń pariwo tiẹ̀, àpótí pupa ò sì dákẹ́. Mo ní bóyá ẹnìkan ò tó ni, mo tún gba òmíràn. Ẹ gbọ́ ná, bí ẹ bá gba ọdẹ méjì sí ojúde kan, tí wọn ò mọ ara wọn rí, tí ilẹ̀ wá ṣú, ta ni wọ́n máa yìnbọn lù? Ara wọn ni! Láàpútọ́ọ̀pù mi wá di ìgbín. Mo lè tẹ nǹkan, kí n lọ wẹ̀, kí n para, kí n wọṣọ, kí n padà dé, kó ṣì máa rò ó.

Sọ́ńdè kan báyìí, Ìyá Fúnmi yọ. Mo rí i pé ojú ẹ̀ ò rí bó ṣe máa ń rí. Kò béèrè ohun tí mo jẹ.

Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín."

Mo jókòó dáadáa. Ó la ẹnu. Ẹnu náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padé mọ́! Àwòrán ti gan. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, àpótí pupa gbòòrò, ó bo ojú ìyàwó mi látòkè délẹ̀, ó ní mo wà nínú ewu. Mo ní, "Okun o, jọ̀ọ́, kúrò níwájú ìyàwó mi!" Kò gbọ́ Yorùbá. Gbogbo ẹ̀rọ kú fin-ín.

Fúnmi pe fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ni màmá ẹ fẹ́ bi mí? Ó ní ara màmá le, kí n má fòyà, ṣùgbọ́n màmá ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti fóònù, òun fẹ́ máa wo ojú mi bí òun bá ń sọ ọ́. Ó ní kí n tún kọ̀ǹpútà ṣe kí Sọ́ńdè tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti níyàwó, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Èmi mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ fìrífìrí pé àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìwé fún un kó lè máa gbé lọ́hùn-ún títí. Igi tó bá fẹ́ là, káfíńtà á ti gbọ́ ọ kó tó là. Ẹ̀bà tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ náà, adìyẹ ló jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù mọ́ra bí ọmọ tuntun, mo lọ bá Dúpẹ́, obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Ọmọ Ekinrin-Adde ni, ẹnu ẹ̀ mú ju ayùn mi lọ. Ó ṣí ẹ̀rọ náà, ó wò ó, ó yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òtẹ́ẹ̀lì lẹ ṣí ni?"

Mo ní òtẹ́ẹ̀lì báwo?

"Ta ni ò sí níbí! Gbogbo ayé lẹ gbà wọlé. Ẹ ò tiẹ̀ lé ẹyọ kan ṣoṣo?"

Mo ní, "Ọmọ mi, wọ́n kí mi ni. Ṣé kí n má dáhùn?"

"Hàbà, Bàbá! Ẹni tó kí yín lọ́nà, ọ̀nà náà lẹ ti máa dá a lóhùn. Ṣé gbogbo ẹni tó bá kí yín lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà lẹ̀ ń kó lọ sílé ni? Iṣẹ́ kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe.

Ó gbé orí lé tábìlì, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè. Ẹ lè wá rẹ́rìn-ín tiyín báyìí.

Bó ṣe yé mi ni màá ṣe sọ ọ́ fún yín. Ó ní àpótí pupa yẹn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe áńtífáírọ́ọ̀sì. Ìpolówó onírọ́ ni. Àwọn ibi tí mo tẹ "Allow" fún ló ń jù ú wọlé, kí àyà mi lè já, kí n lè gba ohun tí wọ́n fẹ́ kí n gbà. Ó ní ọdẹ kan ti wà nínú láàpútọ́ọ̀pù yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó bá a wá ni, kì í pariwo, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Àwọn méjì tí mo gbà wọlé ló ní kó lọ sùn! Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tiẹ̀ jẹ́ olè tó wọ aṣọ ọdẹ.

Mo ní ṣé kí n wá lọ ra ojúlówó? Ó ní irú èmi yìí, tó jẹ́ pé ìyàwó ni mò ń wò, tí mò ń wo bọ́ọ̀lù, tí mò ń kọ ìsọkúsọ sí yín, ọdẹ tó bá ẹ̀rọ wá tó mi. Kí n ṣáà máa jẹ́ kó gba àtúnṣe tuntun tó bá béèrè, kí n má gba nǹkan níbi tí mi ò mọ̀, kí n sì ní ẹ̀dà fọ́tò mi síbòmíràn. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ oníbàárà wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ lè ronú kan èyí tí wọ́n ń rà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, kò sí ọdẹ tó lè gba ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fólè."

Ó lé gbogbo wọn jáde, ó jí ọdẹ mi sílẹ̀, mo gbé e lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí i. Kò sí pìn. Mo dúró. Kò sí nǹkan kan. Mo mu ẹ̀kọ mi tán, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo wà nínú ewu. Ó ṣe mí bákan, bí ẹni tó lé àlejò oníyọnu lọ, tó wá rí i pé ilé fẹ̀ jù. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ ń sáré bí ehoro, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé irọ́ ni àpótí yẹn ń pa. Mi ò kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni.

Sọ́ńdè dé. Ìyá Fúnmi yọ, ojú ẹ̀ mọ́ kedere, mo tiẹ̀ rí ewú tuntun lẹ́bàá etí ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ti múra láti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìgbélùú fóun. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa pẹ́ gan-an kóun tó lè wá sílé.

Ó ní, "Kí lẹ wí?"

Ẹ mọ ohun tó wà lórí ahọ́n mi. Kò sí wàhálà! Ó ti fẹ́ jáde. Mo wo igun ìsàlẹ̀, bóyá àpótí pupa á yọ wá gbà mí sílẹ̀. Kò yọ.

Mo ní, "Ìyá Fúnmi, mo ti ń kí kọ̀ǹpútà."

"Ẹ̀ ń kí kí ni?"

"Àpótí kan ló máa ń yọ láàárọ̀. Mo máa ń kí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Yéè! Ó wá ń dá yín lóhùn?"

"Ó ń dáhùn. Ó ní mo wà nínú ewu."

Ẹ̀rín náà tán. Ó ń wò mí. Ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀, kò yíjú.

Mo ní, "Máa bọ̀ nílé." Mo tún un sọ.

Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí? Èmi rò pé ẹ̀ ń gbádùn ilé ni. 'Kò sí wàhálà, kò sí wàhálà,' bí ẹni tó ń lé mi!"

Mo ní ọkùnrin ni mí. Ó pòṣé. Ó ń fi ìka nu ojú.

"Ṣé òjò ti ń rọ̀ ní Kàbbà?"

Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin nǹkan kan sí ẹ̀yìn ilé mi kí n tó dé."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ tó bá kọ̀ǹpútà yín wá máa ṣiṣẹ́ ẹ̀, ẹ má gba àjèjì méjì lé e lórí, ẹ má sì tijú láti tẹ "Block." Kì í ṣe ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Tó bá sì jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe yín, tí ilé ló dá jù, ẹ yáa pe ẹni tọ́rọ̀ kàn kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un. Kò sí áńtífáírọ́ọ̀sì fún ìyẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí? Ta ló bá yín lé e? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Tí mi ò bá tètè fèsì, ẹ má bínú, ẹ̀yìn ilé ni mò ń ṣán.