Alàgbà Ezekiel àti Bàtà Johnson

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Alàgbà Ezekiel ní ilé-iṣẹ́ oníke kan n'Ílúpéjú, ọ̀rọ̀ bàtà ni ẹnu máa kọ́kọ́ bà. Alàgbà ló ń fi Excel pín bàtà iṣẹ́: fọ́múlà wọn á wá orúkọ òṣìṣẹ́, á sì gbé ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Johnson méjì ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ọ̀kan; èkejì ń gbẹ́rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ọpọ́n. Fọ́múlà rí Johnson àkọ́kọ́, ó bá dúró síbẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ akọ̀wé ló gbé fún àwọn méjèèjì.

"Bàbá, bàtà yìí ò gba ẹsẹ̀ mi o!" Johnson agbẹ́rù pariwo.

"Kọ̀mpútà kì í purọ́. Ẹsẹ̀ ẹ ni kó o lọ tún wọ̀n."

Nusrat, igbákejì wọn tó ṣì wà lórí ìdánwò, ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ka iṣẹ́ kún orúkọ, kí fọ́múlà máa wo méjèèjì pọ̀."

"Ìwọ tí wọn ò tíì gbà síṣẹ́ tán!"

Ẹ̀bi kì í wọ Alàgbà lára. Wọ́n ṣi ọkọ̀ wọ̀ rí, ó gbé wọn dé Abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n ní àwọn wá kí àna àwọn ni. Wọ́n sì kí àna náà lóòótọ́.

Àfi ìgbà tí Johnson agbẹ́rù tẹ gìgísẹ̀ bàtà mọ́lẹ̀ bíi sílípáàsì, tó ṣubú, tí bákẹ́ẹ̀tì tó rù sì yí ká gbogbo ọgbà. Ọlọ́run yọ ọ́. Ọ̀gá àgbà fara ya.

"Ta ló kọ fọ́múlà yìí? Kí onítọ̀hún máa lọ sílé ẹ̀!"

Gbogbo ojú bá wo Nusrat, torí òun ló kéré jù níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń torí ẹ̀ gbààwẹ̀ ti fẹ́ bọ́.

Alàgbà wúkọ́. "Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Ọ̀gá bá Alàgbà wí dáadáa, ṣùgbọ́n kò lé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Alàgbà rọra yí sí Nusrat: "Àmọ́ ẹsẹ̀ Johnson yẹn náà ti tóbi jù."

Láti ìgbà náà, orúkọ nìkan ò tó wọn mọ́, àní nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Alàdúrà wọn. "Olúwa, bùkún Fúnmilọ́lá. Fúnmilọ́lá ìyàwó mi, ti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí l'Ágége, kí ìbùkún má lọ ya ilé onílé."

Ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n lọ. Nusrat ló wà lórí ìjókòó wọn báyìí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bá ń fi ọ̀rọ̀ bàtà rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó fẹ́ràn bàbá náà, àárò wọn sì ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Alàgbà gbà láyé wọn pé àwọn ṣàṣìṣe, torí ọmọ ọlọ́mọ ni.