Àtàǹpàkò Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Ìgbátí àkọ́kọ́ tí mo gbá ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ mi, ẹ̀ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ló jẹ ẹ́, láàárín Ọgbà sí Agége, lójú àwọn tó mú àdá àti táyà dání. Wọ́n ní ìbínú kì í da nǹkan fún ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìbínú mi da nǹkan, bí wọ́n bá sì tún gbé ẹ̀ṣọ́ náà wá síwájú mi lónìí, màá tún un gbá.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ilé iṣẹ́ mú ẹ̀rọ tó ń ronú wọlé. Lónìí wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, gbogbo ọ̀gá ló fẹ́ ẹ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: báwo ni àwọn yóò ṣe fi ta àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò yọ. Kí n tó dá wọn lóhùn, mo máa ń ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, kí n wo ọwọ́ wọn. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé mo ti di aríran ni. Èmi kì í bá wọn ṣàlàyé.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Àwa rò pé ìlú yóò tòrò. Àwọn adigunjalè ni kò gbọ́ ìròyìn náà. Wọ́n ń wọ ilé, wọ́n ń wọ ilé iṣẹ́, wọ́n ń pa ènìyàn bí ẹni ń pa adìẹ ọdún. Àwọn ọlọ́pàá ò tó, àwọn tó wà ò sì ní pẹtiróòlù nínú ọkọ̀. Ni àdúgbò bá gbé àdá fúnra rẹ̀, wọ́n dá fijilanté sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á dáná sun ún, ẹnikẹ́ni ò sì ní bèèrè orúkọ rẹ̀. Mo ti gba ẹ̀gbẹ́ irú òkú bẹ́ẹ̀ kọjá rí láàárọ̀, ní ìkóríta tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì ń rà á lọ. Èmi náà ra tèmi.

Ẹgbẹ́ mi ni ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ mìíràn wà lódìkejì ọ̀nà, ọṣẹ wọn ò dára tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú, wọ́n sì ti ń gba oníbàárà rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń mú tirẹ̀ wọ́n. Àwọn kan máa ń fi káàdì òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn wọlé, wọ́n á sì gbé páálí ọṣẹ jáde. Èyí tó burú jù ni ti àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ọlọ́ṣà wọ aṣọ òṣìṣẹ́ wá, wọ́n fi káàdì han ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, bó ti ń ṣílẹ̀kùn ni wọ́n yìnbọn fún un níkùn. Ọ̀gá lé gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó kù lọ lọ́jọ́ kejì, ó gba tuntun. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

Ẹ̀rọ tí mo gbé lọ fún un, àtàǹpàkò ló ń wò. Ènìyàn á tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì kékeré kan, kọ̀ǹpútà á sì ka àwọn ìlà ibẹ̀. Bó bá ṣe ń rí ọ sí i ló ń mọ̀ ọ́ sí i, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ẹ̀rọ náà. Bó bá mọ̀ ọ́, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Bí kò bá mọ̀ ọ́, iná pupa á tàn, á sì figbe ta. Mo sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ̀rọ ò ní ẹbí, kì í gba rìbá, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí olè jíjà bá ti dúró, ọṣẹ yín á dínwó ju tiwọn lọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń tún un sọ kiri fún gbogbo àdúgbò.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gba ìtẹ̀ka àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá tó ń se ọṣẹ ló dé kẹ́yìn. Láti ayé bàbá ọ̀gá ni Bàbá yìí ti wà nídìí ìkòkò ńlá níbi tí wọ́n ti ń po sódà mọ́ òróró. Ará Èkìtì bíi tèmi ni wọ́n, bí wọ́n sì ti gbọ́ ohùn mi ni wọ́n ti ń bi mí ní ọmọ ilé ta ni. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, wọ́n tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì. Iná pupa. Wọ́n tún un tẹ̀, iná pupa. Mo di ọwọ́ wọn mú, ó ń yọ̀ bí ìdí abọ́ tánganran. Mo fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì gbà á. "Ó ti mọ̀ yín báyìí, Bàbá," ni mo wí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Sódà ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ wọn tán láti ọdún gbọ́nhan, mo fi ọwọ́ ara mi kàn án, mi ò sì rò ó síbì kankan.

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ dé, nítorí ìkòkò gbọ́dọ̀ gbóná kí àwọn yòókù tó wọlé. Ọ̀gá ti gba Aláúsá lọ ní kùtùkùtù, ó fẹ́ tètè dé ọ́fíìsì ìjọba kan. Ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́jọ́ Ẹtì nìkan ló wà ní géètì, kò sì mọ Bàbá rí. Bàbá tẹ àtàǹpàkò, iná pupa tàn, ẹ̀rọ figbe ta. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n tún un tẹ̀, ó tún figbe ta. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ rí ni aṣọ òṣìṣẹ́, káàdì òṣìṣẹ́, àti ọwọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó pa ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ṣe wá. Ó fọn fèrè, ó sì ki Bàbá mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, fijilanté ti dé. Mo gbọ́ "Olè! Olè!" láti ìkóríta, mo sì sáré. Wọ́n ti fa aṣọ ya mọ́ Bàbá lára. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí wọn. Ẹnì kan mú pákó tó ní ìṣó lórí, bó ṣe ń gbé e sókè ni awọ ẹ̀yìn Bàbá ń bá a lọ. Òmíràn gbé bàtà lé ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó ń fi gìgísẹ̀ lọ àtàǹpàkò náà mọ́ kọnkéré bí ẹni ń lọ ata, ó ní kó má tún fi jalè mọ́. Mo gbọ́ ìró eegun. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

"Òṣìṣẹ́ ibí ni wọ́n!" ni mo ń wí. "Àwọn ló ń se ọṣẹ!"

Olórí fijilanté yí sí mi. Alápatà ni, láti Oko Ọba ló ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Mádààmù, ta ló gbé máṣíìnì yìí wá?"

"Èmi ni."

"Máṣíìnì yín ló ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibí. Ṣé èmi ni mo sọ ọ́? Máṣíìnì ò ní ẹbí, kì í gba rìbá. Àbí ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi ló jù padà sí mi yẹn. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún olè lẹ́ẹ̀mejì ti di ìkejì olè. Ẹnì kan ti yí táyà dé. Ẹlòmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sílẹ̀, ó ń tú ìdérí rẹ̀. Bàbá gbójú sókè wò mí láti ilẹ̀. Wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, bá wọn sọ ọ́." Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ẹ̀rọ ló ṣìnà, wọn ò ní gbà, àwa méjèèjì la ó jọ jó.

Mo bá lọ dúró ti ẹ̀rọ náà.

"Ó dáa," ni mo wí. "Ẹ ní ó mọ olè. Ẹni tó bá mú igi tàbí àdá dání níbí, tó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́, kó wá tẹ̀ ẹ́ ká wò ó."

Alápatà rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ nu àtàǹpàkò, ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa, igbe. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún figbe ta. Mo nawọ́ sí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì, mo ní ó kàn án. Òun náà tẹ̀ ẹ́, iná pupa. Ẹlẹ́kẹta ò dúró kí n pè é, ẹ̀yìn ló ń fà sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Wọn ò mọ̀ pé bí ọba bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, iná pupa ni. Ẹni tí mi ò bá ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀, ẹ̀rọ ò lè mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo mọ̀, mo sì pa á mọ́ sínú.

Àṣé ẹ̀ṣọ́ ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Máṣíìnì ò bàjẹ́ o. Ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí i." Ó ti na àtàǹpàkò. Èmi ni mo gba ìtẹ̀ka rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ sì gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá kàn án báyìí, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ẹ̀rọ á tún di olóòótọ́, Bàbá á sì jóná. Ìgbà yẹn ni mo gbá a. Gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi ni mo kó sínú rẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fi ẹ̀yìn lu géètì. Ó dìde, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbà mí lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ kún un, eyín kan sì bọ́. Àlàfo eyín náà wà níbẹ̀ títí dòní.

Alápatà ò tilẹ̀ wo àwa méjèèjì. Ẹ̀rọ ló ń wò, ojú ti ń tì í níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. "Ìwọ lo pe èmi ní olè?" ló bi í. Ó gbé àdá, ó là á lórí. Gíláàsì fọ́. Àwọn yòókù rọ́ dé, gbogbo lílù tó kù tí wọ́n fẹ́ lu Bàbá, ẹ̀rọ ni wọ́n kó o fún. Wọ́n fà á tu kúrò lára ògiri, wọ́n gún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n da pẹtiróòlù sí i, wọ́n sì ṣáná sí i. Èmi náà sọ òkúta lù ú. Kó má baà jẹ́ pé wọ́n á fura sí mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mò ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ìgbà tí ọ̀gá fi ti Aláúsá dé, mo ti gbé Bàbá sínú ọkọ̀ kan. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ bèèrè. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ọgbà ni wọ́n dá Bàbá dúró sí. Mo lọ kí wọn nígbà tí ojú wọn wálẹ̀. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún wọn títí dé ìgúnpá, dókítà ti gé àtàǹpàkò náà kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe, pé mo gba ẹ̀mí àwọn là. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ àwọn lọ́kàn.

"Alápatà yẹn àti ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì, ṣé olè ni wọ́n lóòótọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ẹni tí ẹ̀rọ kò bá ti rí rí, kì í mọ̀ ọ́n. Mi ò gba ìtẹ̀ka wọn rí."

Bàbá wo ọwọ́ tí báńdéèjì bò, wọ́n wá wò mí.

"Àwọn yẹn, kò rí wọn rí," ni wọ́n wí. "Èmi tó ti rí lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́?"