Ẹsẹ̀ Àwọn Télọ̀ Woji

Èmi ni olóòtú ìwé àtìgbàdégbà kan fún ewì Yorùbá ní Port Harcourt. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé mi wá láti Ọ̀yọ́ lọ́dún 1999. Nígbà tí mo rí i pé àwọn ọmọ wa ò lè kí àgbà tán kí wọ́n má bọ́ sí Pidgin, inú bí mi, mo bá dá ìwé sílẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni ìwé náà ní, ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ ni mo sì ti rí i. Lọ́jọ́ kan, mo ń dúró de búbà mi ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ ládùúgbò Woji níbí. Mo ń ka ewì kan sókè, èyí tí ìyàwó sójà kan fi ránṣẹ́ láti àdúgbò Eliozu. Kí n tó kà á dé ìdajì, gbogbo máṣíìnì ti dákẹ́, àwọn télọ̀ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, wọ́n ń wò mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, ewì tí kò bá dá máṣíìnì Alhaji dúró kì í wọ ìwé wa. N kì í sì í dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n má baà ṣojúsàájú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tèmi ò wọlé rí! Mo ka ewì òkè ìlú wa, máṣíìnì ń lọ. Mo ka ti ọyẹ́ lóko bàbá mi, ẹnìkan tiẹ̀ ń béèrè àlùmọ́gàjí. Ìgbà kan wà tí máṣíìnì kan ṣàdédé dúró. Inú mi dùn ṣìnkìn. Àṣé abẹ́rẹ́ ló kán!

Ọkọ mi ní, "Ṣebí ìwọ lolóòtú? Ti tìẹ bọ̀ ọ́, ta ló máa mú ẹ?" Mo ní láéláé. Èmi tí mo ń dá ewì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n padà, kí n wá gba ojú fèrèsé wọlé! Àmọ́ ó ń dùn mí o. Ìfẹ̀yìntì mi ti dé tán, mo sì ti ṣèlérí láti fa ìwé náà lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ìtẹ̀jáde kan péré ló kù fún mi.

Mo ka ewì òkè mi yẹn fún ọmọ mi obìnrin, tí a bí síbí.

"Mummy, no vex," ló wí, "dis your mountain too far."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí mo bí! Òkè mi ló ní ó jìnnà jù! Mo fi ìbínú jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Èérú dúdú tó máa ń bọ́ lójú ọ̀run Port Harcourt, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì níkọ̀kọ̀, ti bo aṣọ funfun tí mo fọ̀ láàárọ̀. Mo ṣépè, mo tún un fọ̀. Ìdí garawa ìfọṣọ náà ni mo jókòó sí tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ewì, èérú, ọṣẹ, èpè àti gbogbo ẹ̀.

Ní Sátidé, mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò wo ẹnikẹ́ni lójú. Máṣíìnì kan dákẹ́, mo ní abẹ́rẹ́ tún ti kán nìyẹn. Èkejì dákẹ́. Nígbà tí mo kà á tán, kò sẹ́ni tó ń ránṣọ mọ́.

Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Akéwì, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

"Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́ o," ó ní, "àmọ́ ọmọ ibí ni."

Mo fẹ́ sọ pé Ọ̀yọ́ lẹni náà ti wá. Mo ká bébà náà sínú báàgì mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji," mo ní. "Ọmọ ibí ni."